Ìdájọ́ Oníṣègùn lórí Ọkàn Aláìsàn

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ìpàdé Ọdọọdún Ẹgbẹ́ wa)



Nọ́ọ̀sì, dókítà àti apoògùn ni àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ ẹgbẹ́ yìí sì ni gbogbo wa. Nígbà tí Akọ̀wé kọ̀wé sí wa pé kí a wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti omi mímu ni ó ń retí. Méjèèjì yẹ ní sísọ, a ó sì sọ wọ́n lọ́dún mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn máa ń bá ara wa sọ ní kọ̀rọ̀, tí a kì í sábà sọ ní gbangba. Òun ni pé bí ara ẹnì kan kò bá yá, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ tàbí ìṣe rẹ̀ sì yí padà, àwọn oníṣègùn máa ń tètè dá ọkàn rẹ̀ lẹ́jọ́, ìdájọ́ náà a sì máa tàsé nígbà mìíràn. Ẹni tí ibà ń pa, a lè pè é ní wèrè. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀wẹ̀sì dé ojú ikú, a lè sọ pé kò sí ohun tí ó ṣe é ju àìsàn ara rẹ̀ lọ. A kò wá láti ba iṣẹ́ ìṣègùn jẹ́ lójú yín, nítorí inú rẹ̀ ni oúnjẹ wa ti ń wá. A wá nítorí pé ẹ̀yin ará ilé aláìsàn ní agbára lórí ọ̀ràn yìí ju bí ẹ ti rò lọ.

Ọkàn ènìyàn, ìbáà ṣe ti àgbẹ̀ tàbí ti ọ̀jọ̀gbọ́n, fẹ́ràn ọ̀nà àbùjá. Ní 1974, àwọn onímọ̀ méjì ọmọ Ísírẹ́lì, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, tẹ ìwé kan jáde nípa bí a ti ń ṣe ìdájọ́ nígbà tí ohun gbogbo kò bá dá wa lójú. Nínú ohun tí wọ́n ròyìn níbẹ̀, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ kan kalẹ̀ tí a kọ nọ́ńbà sí lára, láti orí òdo dé 100, irú èyí tí àwọn oníjó-owó fi ń ta tẹ́tẹ́. Wọ́n ń yí kẹ̀kẹ́ náà lójú àwọn tí wọ́n fẹ́ bi léèrè, ṣùgbọ́n wọ́n ti dọ́gbọ́n sí i kí ó máa dúró lórí 10 tàbí lórí 65 nìkan. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá bèèrè pé: nínú gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Ìparapọ̀ Àwọn Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé, mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ilẹ̀ Áfíríkà? Àwọn tí kẹ̀kẹ́ dúró fún lórí 10 dáhùn ní ìwọ̀n 25. Àwọn tí ó dúró fún lórí 65 dáhùn ní ìwọ̀n 45. Kẹ̀kẹ́ tẹ́tẹ́ kò mọ ohunkóhun nípa ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn tí a bi léèrè sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ nọ́ńbà tí ojú wọn kọ́kọ́ rí ni ọkàn wọn so mọ́, bí ẹran tí a so mọ́ èèkàn: ó lè jẹ yí èèkàn ká, ṣùgbọ́n kò lè jìnnà sí i. Kahneman gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002 fún irú iṣẹ́ yìí. Tversky ti kú ní 1996, a kì í sì í fi ẹ̀bùn náà fún òkú.

Bí kẹ̀kẹ́ lásán bá lè ṣe èyí, kí ni ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ó mú aláìsàn wá kò lè ṣe? Dókítà tí ó wà ní ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì ní òru kò sùn, aláìsàn ogún wà níwájú rẹ̀, iná mànàmáná sì lè má sí. Ẹnì kan wọlé ó ní, “Dókítà, arákùnrin yìí ti ya wèrè.” Láti ìṣẹ́jú náà lọ, bí aláìsàn náà bá pariwo, wèrè ni ó ń pariwo. Bí ó bá dákẹ́, wèrè ni ó dákẹ́. Bí ó bá ní orí ń fọ́ òun, ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ wèrè gbọ́? Èèkàn ti wọlẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ bíi “ó ń ronú jù,” “ọtí ni,” “ọkọ rẹ̀ ni ó ń bá a jà.” Àwọn baba wa pe ẹni tí ó gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá ní àgbà òṣìkà, ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn tí a ń wí yìí kì í ṣe ìkà ni ó ń ṣe dókítà. Àárẹ̀ ni, ìkánjú ni, ọ̀nà àbùjá ni.

Ní 1937, George Gershwin, ọ̀kan nínú àwọn olórin tí ó lókìkí jùlọ ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí ṣàìsàn ní Los Angeles. Ní oṣù kejì ọdún náà, bí ó ti ń tẹ dùùrù níwájú àwùjọ, iyè rẹ̀ ra fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ó sọ pé òórùn rọ́bà tí ń jóná ń ta sí òun nímú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí rọ́bà kankan tí ń jóná. Orí ń fọ́ ọ gidigidi. Àwọn tí ó yí i ká rò pé iṣẹ́ fíìmù ni ó sú u. Ní oṣù kẹfà wọ́n gbà á sí ilé ìwòsàn fún ọjọ́ díẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì kọ sínú ìwé rẹ̀ nígbà tí ó ń lọ sílé pé ó jọ pé híísítíríà ni, èyí tí í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pe àìsàn ẹni tí a gbà pé ara rẹ̀ dá, tí ọkàn rẹ̀ ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀. Kí a sọ òtítọ́, òun fúnra rẹ̀ kọ̀ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa omi ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ó ṣubú, kò sì mọ ara rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n la agbárí rẹ̀, kókó ni wọ́n bá nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù náà, ní ẹni ọdún 38. A kò lè sọ pé ìbá yè bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n, nítorí iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ìgbà náà kò tíì dé ibi tí ó dé lónìí. Ohun tí a lè sọ ni pé òórùn rọ́bà náà ti ń sọ̀rọ̀ láti bí oṣù márùn-ún, orúkọ tí a fún un ni kò jẹ́ kí a gbọ́.

Ẹlòmíràn lè wí pé ọdún 1937 ti pẹ́, ẹ̀rọ kò tíì pọ̀ nígbà náà. Ó dára. Ní 2009, ní New York níbi tí ẹ̀rọ kún fọ́fọ́, Susannah Cahalan, akọ̀ròyìn ọmọ ọdún 24, bẹ̀rẹ̀ sí fura sí gbogbo ènìyàn, ó ń rí ohun tí kò sí, gìrì sì ń mú un. Dókítà kan sọ pé ọtí àti iṣẹ́ àṣejù ni. Àwọn mìíràn dárúkọ oríṣiríṣi àrùn ọpọlọ tí a fi ń pe ènìyàn ní wèrè. Àyẹ̀wò ẹ̀rọ kò fi ohun púpọ̀ hàn. Dókítà kan tí ń jẹ́ Souhel Najjar ni ó wá fún un ní ìwé àti kálàmù, ó ní kí ó ya ojú aago. Ó ya òbírí náà, ṣùgbọ́n gbogbo nọ́ńbà méjèèjìlá ni ó kó jọ sí apá ọ̀tún, apá òsì ṣófo. Níbẹ̀ ni dókítà náà ti mọ̀ pé apá kan ọpọlọ rẹ̀ ń wú. Àwọn ohun tí ń bá àrùn jà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ni ó yíjú padà tí wọ́n ń bá ọpọlọ rẹ̀ jà, irú àìsàn tí Josep Dalmau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àlàyé rẹ̀ fún ayé ní 2007, ọdún méjì péré ṣáájú. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2012. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí pé ìwé àti kálàmù kò wọ́n ní ilé ìwòsàn kankan, títí kan èyí tí ó wà lẹ́bàá ọjà wa níhìn-ín.

Àwọn àìsàn tí a dárúkọ wọ̀nyí kò wọ́pọ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa ni a fẹ́ fi àkókò sí jùlọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ìyá kan, ẹni ọdún 72, tí ó ń lọ sọ́jà, tí ó ń ka iye owó rẹ̀ láìṣì, tí kò tíì fi ìgbà kan sínwín rí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ara rẹ̀ kò yá. Ní òru ọjọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí bá ìyá rẹ̀ tí ó ti kú sọ̀rọ̀, ó ń fa aṣọ ìbora bí ẹni ń ṣa òwú, ó sọ pé ejò wà lára ògiri. Ní òwúrọ̀ ó mọ àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ kò mọ̀ wọ́n mọ́. Àwọn ará ilé wò ó títí, ẹnì kan ní àjẹ́ ni, ẹnì kan ní ọ̀tá ni, ẹnì kẹta ní arúgbó ni, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Bí wọ́n bá gbé e dé ilé ìwòsàn, ó lè jẹ́ oògùn tí a fi ń mú wèrè sùn ni a óò kọ́kọ́ gún un.

Ìrànrán ni ohun tí ń ṣe ìyá náà. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n lára ọmọdé tí ibà ń ṣe: bí ara bá gbóná púpọ̀, ọmọ a máa sọ̀sọkúsọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ìrànrán máa ń ṣe àgbàlagbà pẹ̀lú, àní láìsí pé ara gbóná. Ibà tí ó wọ ọpọlọ lè fà á, táífọ́ọ̀dù lè fà á. Àrùn inú ìtọ̀ lè fà á, tí arúgbó kò sì ní sọ pé ìtọ̀ ń ro òun. Ṣúgà tí ó lọ sílẹ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ lè fà á láàárín wákàtí kan, ṣúgà díẹ̀ lẹ́nu tàbí nínú ìṣàn rẹ̀ a sì dá a padà lójú gbogbo ènìyàn bí ẹni jí lójú oorun. Òùngbẹ, àìlètọ̀, àìyàgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, ọtí tí ẹni tí ó ti mu ún fún ọdún púpọ̀ dáwọ́ rẹ̀ dúró lójijì, gbogbo wọn lè fà á. Oògùn pẹ̀lú lè fà á. Píríténì tí a ń rà lọ́wọ́ onípátẹ fún ara yíyún kì í ṣe ohun tí a ń fún arúgbó ní lemọ́lemọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn oorun. Ní 1949, Richard Asher, dókítà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn 14 tí a ti rò pé wèrè ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹṣẹ́ kékeré iwájú ọ̀fun, èyí tí ó máa ń wú bí gẹ̀gẹ̀ bá yọ ní ọrùn, ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa lára wọn. Nígbà tí a fún wọn ní ohun tí ẹṣẹ́ náà kò pèsè, iyè ọ̀pọ̀ nínú wọn sọjí.

Ọ̀nà tí a fi ń mọ ìrànrán yàtọ̀ sí àrùn ọpọlọ kò le. Ìrànrán máa ń dé lójijì, láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀. Ó máa ń lọ tí ó máa ń bọ̀ nínú ọjọ́ kan náà, a sì máa le sí i ní alẹ́. Ẹni tí ó ṣe kò lè gbájú mọ́ nǹkan kan. Ẹ ní kí ó ka orúkọ ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, yóò sọnù sọ́nà. Ohun tí kò sí ni ojú rẹ̀ sábà ń rí, nígbà tí ó jẹ́ pé ohùn tí kò sí ni etí àwọn tí ó ní àrùn ọpọlọ sábà ń gbọ́. Àrùn ọpọlọ tí a ń pè ní wèrè a máa bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà èwe púpọ̀, a sì máa yọ́ wọlé ni. Nítorí náà, arúgbó tí kò sínwín rí, tí ó wá sínwín ní ọ̀sán kan òru kan, ara rẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ wò.

Ìrànrán tí ó pariwo kò tilẹ̀ ṣòro tó èyí tí ó dákẹ́. Irú rẹ̀ kejì wà tí aláìsàn kàn ń sùn, tí kì í dáhùn, tí oúnjẹ kò wù ú, tí omijé sì lè máa bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ènìyàn a sọ pé ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ní 1995, ní Amẹ́ríkà, Farrell àti Ganzini yẹ àwọn àgbàlagbà 67 wò nínú ilé ìwòsàn, àwọn tí dókítà wọn ti fi ránṣẹ́ sí oníṣègùn ọpọlọ pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni ó ń ṣe wọ́n. Nígbà tí a wádìí, 28 nínú wọn, ìyẹn nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ìrànrán ni ó ń ṣe wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn 28 náà ń sọ pé àwọn kò wúlò mọ́, wọ́n sì ń ronú ikú, nítorí náà ó rọrùn láti ṣìnà. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì kò sì lè mú àrùn inú ìtọ̀ lọ. Ó tilẹ̀ lè dá kún ìrànrán.

Ẹ jẹ́ kí a yí owó náà wò lẹ́yìn. Ẹni tí a mọ̀ sí aláàrùn ọpọlọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́, bí àìsàn ara bá wá bá a? Ní 1982, Steven Reiss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe àlàyé ohun kan tí a lè pè ní òjìji. Wọ́n kọ ìtàn ẹnì kan tí ẹ̀rù ńlá ń bà, wọ́n fi í han àwọn onímọ̀ nípa ìṣesí ọkàn. Bí wọ́n bá fi kún un pé olóye kúkurú ni ẹni náà, àwọn onímọ̀ náà kì í ka ẹ̀rù rẹ̀ sí àìsàn tí ó nílò ìtọ́jú bí wọ́n ti ń ka ti ẹlòmíràn sí. Orúkọ àkọ́kọ́ ti ṣíji bo ohun tí ó tẹ̀lé e. Lónìí a mọ̀ pé òjìji náà tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn tí ó ní àrùn ọpọlọ líle ń kú ní ọdún 10 sí 20 ṣáájú àwọn ẹlòmíràn, àìsàn ara tí ó ṣeé tọ́jú ni ó sì ń pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Inú ń run ún, a ní ìsínwín rẹ̀ ti tún dé. Àyà ń dùn ún, a ní ẹ má dá a lóhùn. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ, àwọn àgbà ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀. Bí a bá sì ti bí i lọ́mọ, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn àyà rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ yòókù. Àwọn ọmọ wa tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde mọ òjìji yìí dáadáa. Ìrora wọn kò hàn sójú, ó sì ń dé léraléra, nítorí náà ẹni tí kò mọ̀ ọ́n a máa sọ pé ṣe ni wọ́n ń díbọ́n tàbí pé oògùn ìrora ti di bárakú fún wọn.

Àṣìṣe mìíràn wà tí ó fara jọ àánú, nítorí náà kò rọrùn láti bá a wí. Òun ni pé kí a rí ẹni tí ó ní jẹjẹrẹ, tàbí ẹni tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, tí ó ń sunkún lójoojúmọ́, tí kò sùn, tí kò jẹun, kí a sì wí pé, “Kí ni ó fẹ́ máa yọ̀ sí? Bí ó bá jẹ́ èmi, èmi náà yóò sunkún.” Dókítà máa ń sọ ọ́, nọ́ọ̀sì máa ń sọ ọ́, àlùfáà máa ń sọ ọ́. Nítorí pé ìbànújẹ́ náà ní ìdí, a kò tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun tí ó kán ní ìdí pẹ̀lú, ìdí rẹ̀ kì í sì í ṣe kí a má tò ó. Nínú àwọn tí rọpárọsẹ̀ kọlù, bí ẹnì kan nínú mẹ́ta ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń bá, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú aláìsàn kì í rẹ̀wẹ̀sì ju bí ó ti yẹ lọ. Ìbànújẹ́ lásán a máa fúyẹ́ nígbà tí ọmọ-ọmọ bá wọlé wá kí ìyá àgbà. Ti ìrẹ̀wẹ̀sì kì í fúyẹ́. Ẹni náà a máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi fún ohun tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, a sì máa fẹ́ kú. Ìtọ́jú wà fún un, nípa ọ̀rọ̀ sísọ àti nípa oògùn, àní bí àìsàn ara kò tilẹ̀ lọ. Kí ẹ má sì ṣe ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì, kí ẹ máa rò pé gbogbo aláàbọ̀ ara ni inú rẹ̀ bàjẹ́. Albrecht àti Devlieger bi àwọn tí ó ní àléébù ara tí ó le léèrè, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ jáde ní 1999: ju ìdajì wọn lọ sọ pé ayé àwọn dára tàbí pé ó dára gan-an.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Houston àti ibi gbogbo, ẹ fi etí sí èyí. Èdè wa ní ọ̀nà tirẹ̀ láti sọ ìnira. A máa ń sọ pé orí ń gbóná, pé nǹkan ń rìn lórí, pé inú ń ru. Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ọmọ Kánádà tí ó ṣiṣẹ́ ní Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní 1960 nípa irú ẹ̀dùn báyìí láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní 1987 ni Roger Makanjuola, tí ó di gíwá Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn náà, kọ̀wé nípa ohun tí àwa ń pè ní ọdẹ orí. Bí ìyá yín bá sọ fún dókítà òyìnbó pé kòkòrò ń rìn lórí òun, tí ọmọ rẹ̀ sì túmọ̀ rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, dókítà lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń rí ohun tí kò sí. Ẹ sọ fún un pé bí a ti ń sọ ọ́ nìyẹn. Bákan náà, ìyá tí ó dákẹ́ nítorí pé kò gbọ́ èdè wọn kì í ṣe ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra. Ẹ jẹ́ kí a fi Yorùbá bi í léèrè ọjọ́ tí ó jẹ́ àti ibi tí ó wà, kí a tó kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Ọ̀ràn kan tún kù tí ó dé ilé ẹjọ́. Ní 1993, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin ẹni ọdún 68 kan wà ní ilé ìwòsàn àwọn aláàrùn ọpọlọ ní Broadmoor, tí ilé ẹjọ́ pe orúkọ rẹ̀ ní C nìkan. Ó gbà gbọ́ pé dókítà tí ó lókìkí káàkiri ayé ni òun ti jẹ́ rí, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jẹrà. Àwọn oníṣègùn sọ pé bí a kò bá gé e, ó ṣeé ṣe púpọ̀ kí ó kú. Ó kọ̀. Wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ náà láìgé e, ewu ọjọ́ náà sì kọjá. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí wọ́n ṣèlérí pé wọn kò ní gé e lẹ́yìn ọ̀la láìgba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun. Adájọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó gbọ́ ohun tí a sọ fún un, ó gbà á gbọ́, ó sì lè wọ̀n ọ́n nínú ọkàn rẹ̀. Ó rí i pé ó lè ṣe é. Ó ní àrùn ọpọlọ ní tòótọ́, ṣùgbọ́n àrùn náà kò dé ibi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀. Adájọ́ dá a láre. Òfin tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ náà ní 2005 sọ ọ́ gbangba pé kí a gbà pé ènìyàn lè pinnu fún ara rẹ̀ títí a ó fi rí ẹ̀rí pé kò lè ṣe é, àti pé ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu lójú wa kì í ṣe ẹ̀rí. Nílẹ̀ wa, òfin wèrè tí àwọn òyìnbó fi lélẹ̀ ní 1916 ni ó pilẹ̀ èyí tí a ń lò títí di oṣù kìíní 2023, nígbà tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí ó dá ẹ̀tọ́ àwọn aláìsàn wọ̀nyí mọ̀. Baba tí ó kọ̀ kí a gé ẹsẹ̀ òun lè ṣì nínú ìpinnu rẹ̀. Kí a tó pè é ní ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, kí a jókòó tì í, kí a bi í ní ìdí. Ó lè jẹ́ pé ohun tí ó rí nígbà tí wọ́n gé ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń bà á lẹ́rù.

A fẹ́ rán yín létí ohun kan tí ó ti ilẹ̀ wa yìí wá. Láti 1954, T. Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, ẹni tí ó di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú àwọn aláàrùn ọpọlọ ní Arò lọ́nà tí ayé wá wò. Kò tì wọ́n mọ́lé. Inú àwọn abúlé tí ó wà nítòsí ni wọ́n ń gbé, wọ́n a sì wá gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn kọ̀ọ̀kan wá, kí ó máa se oúnjẹ fún un, kí ó máa fọṣọ rẹ̀, kí ó sì máa mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn yin ètò yìí nítorí pé kò gbówó lórí. Lójú tiwa, ìbátan náà ni ọlá rẹ̀, nítorí òun nìkan ni ó mọ bí aláìsàn ti rí lánàá. Dókítà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá sì mọ bí ènìyàn ti rí lánàá ni ó lè fa èèkàn tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yọ kúrò nílẹ̀.

Nítorí náà a ti tẹ ìwé pelebe kan tí ó lè wọ àpò. A kò kọ orúkọ àìsàn kankan sínú rẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má ṣe kọ “wèrè,” ẹ má ṣe kọ “ìrònú,” ẹ má ṣe kọ “ayé.” Ọjọ́ àti wákàtí tí ìyípadà bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ kọ, àti ohun tí ẹni náà lè ṣe ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú: ṣé ó ń ka owó, ṣé ó ń dá wẹ̀, ṣé ó ń mọ ọ̀nà ilé. Ẹ kọ gbogbo oògùn tí ó ń lò, ti dókítà, ti onípátẹ àti àgbo, láìfi ọ̀kan pamọ́ nítorí ìtìjú. Ẹ kọ ìgbà tí ó jẹun, ìgbà tí ó tọ̀, àti bóyá ó ní àtọ̀gbẹ. Ní ìsàlẹ̀, ìbéèrè kan ṣoṣo ni a kọ fún yín láti bi dókítà pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀wọ́, bí kò bá jẹ́ ohun tí ẹ rò yìí, kí ni ìbá tún jẹ́?” Àwa tí a jẹ́ dókítà nínú yín ń fi dá yín lójú pé ìbéèrè náà kò ní bí oníṣègùn gidi nínú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó ti rán wa lọ wọn ṣúgà aláìsàn tí a kò bá má wọ̀n.

Ìwé náà wà lọ́wọ́ Akọ̀wé ní Gbọ̀ngàn Ìlú, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn odi yóò rí i ní ojú ìwé tí ó kẹ́yìn ìwé ọdún yìí, ní Yorùbá ní apá kan àti ní Gẹ̀ẹ́sì ní apá kejì, kí ẹ gé e, kí ẹ sì fi sí ibi tí ìwé òògùn àwọn òbí yín wà. Ìyá tí kò mọ̀ọ́kọ lè pe ọmọ iléèwé èyíkéyìí ní àdúgbò láti bá a kọ ọ́, a sì ti bá àwọn ọ̀gá iléèwé sọ ọ́.